Láti Villa Park dé ọ̀dọ̀ Messi: mi ò dìde lórí àga láti aago 6 ààbọ̀ àárọ̀

GunnerHouston | Sátidé, 6 December 2025, 4:50 ìrọ̀lẹ́, Houston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi gbọ́ tẹnu mi, torí ìyàwó mi ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ bọ́ọ̀lù kankan mọ́ títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́.

Aston Villa ni Arsenal mi lọ bá. Bọ́ọ̀lù aago 12 ààbọ̀ ọ̀sán ti àwọn ará England, aago 6 ààbọ̀ àárọ̀ ló ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa níbí. Aago 6 géérégé ni mo ti yọ́ sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ òru ló ti dé, kò tíì pẹ́ tó sùn. Mo yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ débi pé omi tíì tó ń hó lórí iná ń pariwo ju gbogbo Villa Park lọ. Mo gbé ẹ̀wà àná gbóná, mo gbé búrẹ́dì tì í, mo jókòó.

Cash jẹ ẹ́ fún Villa. Trossard dá a padà lẹ́yìn ìsinmi. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká ta ọ̀mì, ká mú póìntì kan, ká máa bọ̀ nílé. Aago ti wọ ìṣẹ́jú 95, bọ́ọ̀lù ń ta gìrìgìrì nínú bọ́ksì wa, gbogbo ẹsẹ̀ ń dù ú, kò sẹ́ni tó rí i gbá dànù. Àfi Buendía. Ó wọlé! Mo fi ọwọ́ ara mi di ẹnu ara mi. Láti ìparí August tí Liverpool ti nà wá, kò sẹ́ni tó tún rí wa gbé ṣe. Ìdíje 18 gbáko! Ó wá di ọjọ́ tí mo jí kùtù kí wọ́n tó mú wa.

Báyìí ni ọmọ mi ọkùnrin ṣe sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni, ibí la bí i sí, jẹ́sì Houston Dynamo ló wọ̀ sùn. Ó wo ojú mi. "Dádì, ṣé wọ́n na Arsenal ni? Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ óò bá wọn ní playoff." Mo ní kò sí playoff, ìdíje tí wọ́n fi ń yan olúborí lẹ́yìn tí líìgì bá tán, nínú líìgì ńlá England, ẹni tó bá ní póìntì jù ló ni ife. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ò dáa o."

Kí n má pa á mọ́ yín lára, mi ò dìde mọ́. Mo wo ti aago 9, mo wo Leeds àti Liverpool ní aago 11 ààbọ̀ (Kop Ìlọrin, mò ń bọ̀ wá bá ọ), bí ìyẹn ṣe ń tán ni àṣekágbá MLS, líìgì Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní aago 1 ààbọ̀: Inter Miami àti Vancouver. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti ń pe MLS ní bọ́ọ̀lù àwọn tó ti gba owó ìfẹ̀yìntì. Lónìí, mo dìde dúró nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ali Ahmed sọ ọ́ di 1-1, Sabbi ti Vancouver tún ta ọ̀kan: bọ́ọ̀lù gbá òpó ọ̀tún, ó rìn gba ẹnu góòlù kọjá bí ẹni ń ṣeré ìdárayá, ó gbá òpó òsì, ó jáde. Èmi àti ọmọ dì mọ́ra wa. A gbàgbé pé ẹnì kan ń sùn lókè.

Kò pẹ́ sí i, Messi já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan, ó tì í sí De Paul, 2-1. Allende fi ìkẹta kan ìṣó sí i nígbà tí wọ́n ti ń wo aago. Busquets àti Jordi Alba fi ife dágbére fún bọ́ọ̀lù.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ó bójú mu kí ará Arsenal tí wọ́n nà láàárọ̀ máa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án nítorí MLS?

---

SpurPeckham | Sátidé, 11:15 alẹ́, London

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ pẹ̀lẹ́. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi ń bá yín kẹ́dùn, ẹ foríjì mí. Spurs, ìyẹn Tottenham wa, na Brentford 2-0 lónìí, Richarlison àti Xavi Simons ló jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ti rí góòlù méjèèjì kí n tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas rí i ní ojúkorojú, èmi tí mo lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápá wọn, rédíò ni mo fi gbọ́ ọ. Òfin wà níbí láti ìgbà àwọn bàbá wa: láti aago 3 ku ìṣẹ́jú 15 títí di aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ Sátidé, wọn kì í gbé bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣọ̀n ní tààrà. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí i ló ti bẹ̀rẹ̀. Bob Lord, alága Burnley nígbà náà, ló ké jù nípa rẹ̀. Ó ní bí àwọn èèyàn bá ń rí àwọn ẹgbẹ́ ńlá wò nínú ilé, ta ni yóò tún san owó lọ wo ẹgbẹ́ kékeré àdúgbò rẹ̀ nínú òtútù? Gbogbo ayé ló ń rí aago 3, àfi onílé.

Mo gbé rédíò sórí fèrèsé kíṣìnì, mo ń bó iṣu. Nígbà tí Simons jẹ ìkejì, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ́wọ́.

---

KopIlorin | Àìkú, 12:40 òru

Ẹ̀gbọ́n Gunner, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi lálẹ́ yìí. Ekitike jẹ méjì fún Liverpool wa láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìsinmi. 2-0! Mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Konaté lọ tẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀ nínú bọ́ksì, pẹnáritì, Calvert-Lewin. Kí n tó mí, Stach, 2-2. Szoboszlai gbà wá, 3-2. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Ìṣẹ́jú 96, kọ́nà, Tanaka. 3-3.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa la gba líìgì ní April o! Salah sì wà lórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ò ní kó bọ́ aṣọ ìgbóná rẹ̀.

---

IyaIbejiAtlanta | Sátidé, 7:30 alẹ́, Atlanta

GunnerHouston, ẹ káàbọ̀ sílé. Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ ọ́ fún yín níbí? Ẹ ń pe bọ́ọ̀lù wa ní bọ́ọ̀lù arúgbó, èmi sì wà lára èèyàn 73,019 tó wà ní Mercedes-Benz Stadium ní December 2018 nígbà tí Atlanta na Portland 2-0. Ọdún kejì tá a wọ MLS nìyẹn. Àwọn ìbejì wà lẹ́yìn mi, ọ̀kan sùn, ọ̀kan ń jó.

Ọmọ wa náà sì ti jẹun níbẹ̀ kó tó di pé Messi dé. Ọbáfẹ́mi Martins jẹ góòlù 17 nínú líìgì fún Seattle ní 2014, ọdún náà ni wọ́n gba Supporters' Shield (ife ẹni tó ní póìntì jù ní MLS) àti ife Open Cup pa pọ̀. Ará Arsenal, ẹ rántí Ọbáfẹ́mi, àbí? Wembley, 2011?

---

GunnerHouston | Sátidé, 7:05 alẹ́, Houston

Àǹtí, ẹ ò ṣàánú èèyàn. Mo rántí. Birmingham, àṣekágbá League Cup, ó ku díẹ̀ kó parí, aṣọ́lé wa àti Koscielny ń fi bọ́ọ̀lù han ara wọn bí ẹni ń yọ̀ǹda àga fún àlejò, Ọbáfẹ́mi kàn fi ẹsẹ̀ tì í wọlé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan lórí playoff yẹn. Philadelphia ló ní póìntì jù ní MLS lọ́dún yìí, 66. Miami ò tiẹ̀ borí ní apá ìlà-oòrùn líìgì tí wọ́n wà, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. New York City wá lé Philadelphia kúrò lórí pápá Philadelphia fúnra rẹ̀ nínú playoff, Miami wá fọ́ New York 5-1, wọ́n sì di ọba. Èèyàn ṣiṣẹ́ láti February dé October, ẹlòmíràn ló wá gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ 30, àwọn 18 ló ń wọ playoff! Ìyẹn ti pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n mo tún ro ó síwá sẹ́yìn. Arsenal ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, 2023, 2024, 2025. Ká ní playoff wà ní England…

---

SpurPeckham | Àìkú, 1:20 òru, London

Ẹ má parí gbólóhùn yẹn. Ká ní playoff wà, ẹ óò ṣe ipò kejì níbẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Spurs fún yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé líìgì nìkan kọ́ ni bọ́ọ̀lù. Ipò 17 la wà ní May tó kọjá. Mẹ́tàdínlógún! Ó ku ipò kan péré ká wọ kòtò. Oṣù kan náà la na Manchester United ní Bilbao, tá a gbé ife Europa. Mo sunkún ẹ̀ẹ̀mejì ní oṣù kan, nítorí nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra wọn.

Birmingham tí Àǹtí dárúkọ, wọ́n gba ife lọ́wọ́ yín ní February 2011, ní May ọdún náà wọ́n já sí líìgì ìsàlẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ìyẹn náà ò dáa.

---

GunnerHouston | Àìkú, 7:40 àárọ̀, Houston

Mo bi í. Ó ní, "Wọ́n gba ife, wọ́n tún lé wọn jáde? Kí ni wọ́n ṣe?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìjásílẹ̀ fún un. Mo ní bí ilé ẹ̀kọ́ ni, bí o kò bá ṣe dáadáa, wàá padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Ó ní ṣé pápá Dynamo máa wá di kékeré ni? Ṣé òun á tún máa rí wọn? Mo ní ó lè pẹ́ kó o tó tún rí wọn bá ẹgbẹ́ ńlá gbá. Ó ní òun dúpẹ́ pé Houston ni wọ́n bí òun sí. Dynamo ò tiẹ̀ wọ playoff lọ́dún yìí o, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí omi àmù.

---

OmoMapo | Àìkú, 3:20 ọ̀sán, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Mápó kún àná láti aago 1 ààbọ̀. Owó kan ni wọ́n gbà fún Arsenal, wọ́n tún gba òmíràn fún ti Liverpool ní aago 6 ààbọ̀. Nígbà tí Tanaka jẹ ìkẹta yẹn, àwọn ọmọ Manchester tí wọn kì í ṣe ará Leeds rárá ni wọ́n gbé àga sókè. Aago 8 ààbọ̀, mo ní kí ọ̀gá tó ni ibẹ̀ fi ti Messi sí i. Ó ní òun ò ní í pọn bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí Amẹ́ríkà. A bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ní òun yóò san owó bẹntiróòlù. Ó ní ẹ mú owó wá ná. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Lórí fóònù ni mo ti wá rí i lónìí.

Lórí ọ̀rọ̀ ìjásílẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ: Bolton tí Okocha gbá bọ́ọ̀lù títí táwọn èèyàn fi ń bí ọmọ tí wọ́n ń pè é ní Jay-Jay, ibo ló wà báyìí? Líìgì kẹta. Ìpele kẹrin gan-an ló bọ́ sí ní 2020. Ó ń dùn mí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo Leeds náà. Wọ́n já ní 2004, ọdún 16 ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà, wọ́n tún já ní 2023, wọ́n tún gòkè lọ́dún yìí. Ariwo tí Elland Road pa nígbà tí Tanaka jẹ ẹ́ àná, ṣé ariwo 3-3 lásán nìyẹn? Ẹni tó ti sùn níta rí ló ń pariwo báyẹn.

---

KopIlorin | Àìkú, 3:45 ọ̀sán

OmoMapo, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n orí mi ni wọ́n pa á lé.

Ẹ tiẹ̀ ti gbọ́ ohun tí Salah sọ fáwọn oníròyìn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù? Ó ní ó jọ pé ẹgbẹ́ fẹ́ kí gbogbo ẹ̀bi wà lórí òun, àti pé kò sí àjọṣe láàárín òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ́. Èmi ò mọ ẹni tó jàre. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n kì í fọ aṣọ ìdọ̀tí lójú títì.

---

IyaIbejiAtlanta | Àìkú, 11:30 àárọ̀, Atlanta

Mo ti ìsìn dé. Ẹ gbọ́, ìdí tí ìjásílẹ̀ kò fi lè wọ MLS kò ju owó lọ. San Diego tó wọlé lọ́dún yìí, wọ́n ní $500 mílíọ̀nù ni àwọn tó ni ín san láti gba àyè. Ta ló máa san irú owó yẹn kó tó gbọ́ pé bí òun bá pàdánù ìdíje mélòó kan, wọ́n máa ní kó lọ máa gbá níbi tí kò sí tẹlifíṣọ̀n? Kò sí nínú ayé yìí.

Ohun tí mo mọ̀ tó máa yí padà rèé: wọ́n kéde ní oṣù tó kọjá pé láti 2027, July ni líìgì yóò máa bẹ̀rẹ̀, tí yóò parí ní May, bíi ti England. Wọ́n á sinmi láti àárín December dé ìbẹ̀rẹ̀ February nítorí òtútù. Fún àwa ará Atlanta kò burú. Ẹni tó ń gbé Minnesota tàbí Toronto ni kẹ́ ẹ bá káàánú, kí wọ́n jókòó nínú òjò dídì máa pàtẹ́wọ́. Ohun kejì ni pé láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti ń san Apple TV kò ní í san owó mìíràn lórí MLS mọ́. Èyí ni mo ṣe ìdúpẹ́ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

---

SpurPeckham | Àìkú, 5:20 ìrọ̀lẹ́, London

Àǹtí, $500 mílíọ̀nù kẹ̀? Pẹ̀lú owó yẹn, èmi á ra gbogbo òpópónà Rye Lane, tòun tàwọn tó ń ta ìgbín níbẹ̀.

Bọ́ọ̀lù wọn ò burú, mi ò bú u. Èmi kàn fẹ́ kí nǹkan máa bà mí lẹ́rù ni. Bí mi ò bá bẹ̀rù, mi ò gbádùn rẹ̀.

---

OmoMapo | Àìkú, 6:50 ìrọ̀lẹ́, Ìbàdàn

Kí n tó lọ. Ẹ rí kèké tí wọ́n ṣẹ́ ní Washington ní Jímọ̀ láti pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ẹgbẹ́ fún ife àgbáyé? England, Croatia, Ghana, Panama nínú ẹgbẹ́ kan. Ghana! Àwa ńkọ́? A jókòó sílé. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ jù, ẹ mọ bí Rabat ṣe rí ní November, níbi tí DR Congo ti fi pẹnáritì lé wa jáde.

Amẹ́ríkà wà pẹ̀lú Paraguay àti Australia. Ta ló sì ń gbá iwájú fún Amẹ́ríkà? Fọlárìn Balógun. New York ni wọ́n bí i sí, London ló ti dàgbà, Arsenal ló kọ́ ọ, England ní òun fẹ́ ẹ, ọmọ Yorùbá ni orúkọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá mú Amẹ́ríkà ní 2023. Ó sì jẹ góòlù nígbà tí wọ́n na Canada nínú àṣekágbá Nations League lọ́dún náà. Ẹ sọ fún mi, ọmọ ta ni?

---

Alága_Ojúlé | Àìkú, 7:00 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ pẹnáritì DR Congo sílẹ̀ níbí o. Èyí tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, èébú ogójì ni mo fi ọwọ́ ara mi pa rẹ́. Ẹ máa bá Balógun lọ.

---

KopIlorin | Àìkú, 7:10 alẹ́

Ọmọ wa ni lọ́jọ́ tó bá jẹ góòlù. Lọ́jọ́ tó bá gbá pẹnáritì sókè, ọmọ Amẹ́ríkà ni.

---

GunnerHouston | Àìkú, 2:35 ọ̀sán, Houston

Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín jù, ìyàwó mi tún ti wọlé sùn.

Àárọ̀ yìí a wo Fulham àti Crystal Palace, èmi àti ọmọ, nítorí pé Iwobi, Bassey àti Chukwueze wà ní Fulham. Palace nà wọ́n 2-1, Guehi fi orí kàn án nígbà tó ku díẹ̀ kó tán. Ó ní, "Dádì, ṣé gbogbo ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ni wọ́n máa ń nà?" Mi ò dá a lóhùn.

Mo wá ka ohun tí OmoMapo kọ sí i létí. Ó gbọ́ Balogun bí àwọn ará ibí ṣe ń pè é lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ti rò pé orúkọ Faransé ni torí Monaco tó ń gbá fún. Mo ní rárá o, gbọ́ mi dáadáa: Ba-ló-gun. Olórí ogun. Ẹni tó ń ṣíwájú àwọn ọmọ ogun ní Ìbàdàn àtijọ́, oyè ńlá ni. Ó pè é bíi mẹ́rin kó tó bọ́ sí i lẹ́nu. Ó lọ sókè, ó padà wá. Ó ní òun ti rí i: jẹ́sì Amẹ́ríkà, kí wọ́n kọ BALOGUN sí ẹ̀yìn rẹ̀. Houston máa gba àlejò ife àgbáyé ní June, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ rìn níta.

Mo bi í pé èló ni. Ó fi hàn mí.

---

IyaIbejiAtlanta | Àìkú, 3:50 ọ̀sán, Atlanta

Ẹ rà á fún un.

---

SpurPeckham | Àìkú, 9:05 alẹ́, London

Ẹ rà á. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé yín wọ aṣọ ẹni tó máa gba nǹkan.

---

GunnerHouston | Àìkú, 3:20 ọ̀sán, Houston

Mo ti gbọ́. Mo ti fi í sínú agbọ̀n, mi ò tíì tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn.

Ta ló máa wo Wolves àti Manchester United lọ́la? Aago 2 ọ̀sán ló bọ́ sí níbí, ibi iṣẹ́ ni mo máa wà. Tolú Arokodare wà ní Wolves, mo fẹ́ mọ̀ bó bá jẹ ẹ́. Póìntì 2 péré ni wọ́n ní látìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó kó máa kọ ọ́ síbí fún mi, mo máa gbé fóònù sábẹ́ tábìlì.